Búrẹ́dì Tí Kò Lámì

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Má-jù-ú-nù kọ́ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ náà. Àwọn aládùúgbò ló fún un, nítorí kò sí ẹni tó lè gbé ìdọ̀tí kọjá lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ láìgbọ́ ohùn rẹ̀: "Má jù ú nù." Agboòrùn tí egungun rẹ̀ ti ṣẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì tí ọrùn rẹ̀ ti já, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti lu, gbogbo wọn ló ń wọ ilé rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó tún jáde bó ṣe wọlé. Aṣọ agboòrùn di àpò ìwé ọmọ, egungun rẹ̀ di ìkọ́ aṣọ. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì, tí kì í tètè gbó bí ọrùn, di ìrọ̀rí, àjákù aṣọ ló sì wà nínú ìrọ̀rí náà. Ọṣẹ tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná, inú agolo ló ń kó o jọ sí. Tí agolo bá kún, á yọ́ ọ lórí iná, á tún dà á di odindi ọṣẹ.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀. Aṣọ ìbùsùn tí wọ́n bá ti fọ̀ títí tó fi ń rí bí àwọ̀n, wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n ní kílò tà fún àwọn òṣìṣẹ́. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ló fi rán gbogbo kọ́tìnì ilé rẹ̀. Tí oòrùn òwúrọ̀ bá là á kọjá, ènìyàn lè ka "Wọ́ọ̀dù Kẹrin" tí wọ́n tẹ̀ sí etí rẹ̀ láti orí ibùsùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ìwòsàn ti fún un ní ìwé ẹ̀rí pé kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Ó kọ́ ọ̀kan sára ògiri nínú férémù tí ẹnì kan jù nù. Ẹ̀yìn èkejì ló kọ ìwọ̀n ìyẹ̀fun sí, èyí sì ni èyí tó wúlò nínú méjèèjì. Àwọn ènìyàn máa ń yin irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìyìn kì í ná ẹni tó ń yinni ní nǹkan kan.

Yàrá méjì àti kíṣìnì kan ni ilé wọn, ènìyàn mẹ́fà ló sì ń gbé ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì èrò. Àkùkọ kì í tíì kọ tó fi ń jáde, ó sì ń tó aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ kó tó wọlé. Obìnrin ni àkọ́bí wọn, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é nílé nítorí pé òun nìkan ló kàwé gboyè. Lẹ́yìn tó gboyè, ọdún mẹ́ta ló fi kọ lẹ́tà wáṣẹ́, orúkọ náà sì wá ń dùn ún létí. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Òpó, ọkùnrin tó ga débi pé gbogbo ilẹ̀kùn ló ń tẹríba fún. Páálí ló ń rù ní ilé ìkẹ́rùsí kan láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀. Ẹ̀kẹta, Onídìrí, ń kọ́ṣẹ́ irun. Àbíkẹ́yìn wọn kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹjọ́ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ibùsùn kan náà ni òun àti Òpó ń lò. Tí ọ̀kan bá jí, èkejì á sùn síbẹ̀, ibùsùn náà kì í sì í tutù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Má-jù-ú-nù ń yan búrẹ́dì. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi àgbá òróró ṣe ààrò sẹ́yìn ilé nígbà tí Òpó ṣì kéré: wọ́n gé ilẹ̀kùn sí i lára, wọ́n da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ooru má baà jó ìdí búrẹ́dì, wọ́n sì fi irin àlòkù ṣe àtẹ sí àárín. Ife ìyẹ̀fun mẹ́jọ, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ife mẹ́ta, yíìsì ṣíbí kékeré méjì, iyọ̀ kan, ṣúgà méjì, òróró díẹ̀. Kò sí ẹyin, kò sí mílíìkì. Á pò ó, á fi aṣọ tó rin díẹ̀ bò ó, á lọ tún ẹnu aṣọ tó ti já rán kí ìyẹ̀fun náà tó wú. Ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣófo.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí ilé náà máa yí bí aago kì í ṣe ààrò. Àmì ni. Kí ó tó gbé búrẹ́dì sínú iná, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì rọ̀, ó máa ń tẹ àmì sí i lórí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìpín kan fún ẹnì kan. Fọ́ọ̀kì ló ń fi tẹ ti ọkọ rẹ̀. Bọ́tìnì ẹ̀wù ni ti Akọ̀wé. Ìdérí ìgò ni ti Òpó, nítorí pé ìpín tirẹ̀ ló tóbi jù, píìnì irun ni ti Onídìrí, ojú kọ́kọ́rọ́ sì ni Lọ́yà fúnra rẹ̀ yàn, ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ nílé ẹjọ́ pé òun ṣèèṣì gé e. Ìyá wọn kò ní àmì. Ìdí búrẹ́dì ló ń mú, apá ibi tó le, tí kò bá sì rí àyè jẹ ẹ́, inú agolo kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń kó o sí.

Nípa bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kan. Ẹni tó bá dé á wo àmì rẹ̀, á gé e, á jẹ ẹ́ lórí ìdúró, á tún jáde. Kò sí ìjà rí. Kò sẹ́ni tí ebi pa. Tí ẹ bá sì rí búrẹ́dì tí kò lámì nínú ilé yẹn, ti oníbàárà ni, nítorí ó máa ń yan ọ̀kan tàbí méjì fún àwọn aládùúgbò tó bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ yẹn pé búrẹ́dì tí kò lámì, ojú ni ká fi jẹ ẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ré òfin náà kọjá, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ni àwọn àgbà wí. Àwọn ejò ilé yìí kò jìyà. Wọn kò kàn rí ara wọn ni.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Má-jù-ú-nù rántí pé gbogbo wọn jókòó jẹun pọ̀. Ọdún kọkànlá rèé. Àwọn awakọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bọ́ọ̀sì kankan kò sì rìn. Kò sí bí òun náà ṣe lè dé ibi iṣẹ́, kò sí bí àwọn ọmọ ṣe lè dé ilé ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná jáde láti inú ààrò, kò sì tíì di àṣà rẹ̀ nígbà náà láti tẹ àmì. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n jókòó yí i ká, ọkọ rẹ̀ ń já a pẹ̀lú ọwọ́, ó ń pín in, ooru ń yọ lára rẹ̀. Lọ́yà, tó jẹ́ ọmọ ọdún kan, jókòó sórí ẹsẹ̀ Òpó. Kò sẹ́ni tó wo aago. Nígbà tí ìjọba àti àwọn awakọ̀ parí ìjà wọn, ará ìlú ń jó. Òun nìkan ló rí i bí ẹni pé wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ òun, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ta lo máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún?

Nígbà tí ìwé iṣẹ́ Akọ̀wé wá dé, ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó gbéra. Iṣẹ́ náà wà ní ìlú mìíràn tó jìnnà, ọdún méjì gbáko, kò sì sí ìsinmi nínú ọdún kìíní. Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra. Gbogbo ilé yọ̀. Ìyá rẹ̀ yọ̀ pẹ̀lú wọn, ó tún ìdí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjì rán, ó sì fi aṣọ ìbora àtijọ́ rán àpò ìrìnàjò fún un, èyí tó ní àpò kéékèèké mẹ́rin nínú. Ṣùgbọ́n àárò ọmọ náà ti ń sọ ọ́ kí ọmọ tó kúrò nílé. Tó bá ń tẹ bọ́tìnì sí ojú búrẹ́dì, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Ó fẹ́ kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tún jókòó jẹun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọjọ́ Ajé yẹn tó dé. Ohun tó fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé náà kò ní tábìlì tó gba ènìyàn mẹ́fà. Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀kan. Wọ́n ń wó ilé ìwé àtijọ́ kan ní òpópónà kejì, ó sì bẹ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀kùn méjì. Ó fi sáńpépà ha ọ̀dà wọn kúrò, ó kan wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan sí òmíràn, ó fi ẹsẹ̀ àga mẹ́rin tó ti ṣẹ́ àti pákó gbé wọn dúró. Ihò kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára ọ̀kan. Èdídí igi tó fi dí i kò bá a mu dáadáa, bíró a sì máa jábọ́ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi ṣe é lẹ́yìn ilé, lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ti ta àpótí ìjókòó méjì àti pẹpẹ ìwé kan rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló béèrè ẹni tó fẹ́ rà á. Ó ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ó lè sọ fún un nígbà náà. Gbólóhùn kan ni. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò bẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí nínú ilé yẹn. Ohun tó bá fẹ́, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, á gbé e sí ibi tí wọ́n á ti rí i. Ó rò pé tábìlì á sọ̀rọ̀. Ó tún mọ̀ pé tí òun bá ní kí wọ́n dá ọjọ́ kan sí, ẹnì kan á gbé iṣẹ́ sílẹ̀, owó ọjọ́ kan á lọ, òun ló sì máa jẹ̀bi rẹ̀. Nítorí náà ó gba ìwé àkókò iṣẹ́ gbogbo wọn, ó tò wọ́n sórí ibùsùn, ó wá ibi tí wọ́n ti pàdé. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nìkan ló ní irú ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń sinmi fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iṣẹ́ Òpó máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó gbọ́dọ̀ dé ilé ìkẹ́rùsí láago méjì, kò sì ní padà wálé títí di aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Onídìrí á wà láàárín oníbàárà kan àti òmíràn. Lọ́yà á lọ sí ẹ̀kọ́ àfikún láago méjì. Láti aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí aago kan àbọ̀, gbogbo wọn lè wà nílé. Òun fúnra rẹ̀ ń jáde níṣẹ́ láago méjìlá. Ó ṣírò ogún ìṣẹ́jú náà bí ẹni tó ń ṣírò aṣọ tó kéré: ó máa tó, tí wọn kò bá fi ṣòfò.

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú ó yan búrẹ́dì tó tóbi jù lọ tó yan rí, ó sì fi ẹyin kan pa á lójú kó lè máa dán. Ó mú fọ́ọ̀kì, ó mú bọ́tìnì, ó tún kó wọn padà sínú agolo. Tí kò bá sí àmì, kò sẹ́ni tó máa gé e, wọ́n á dúró, òun á dé, ọkọ òun á já a pẹ̀lú ọwọ́. Bí ó ṣe rò ó nìyẹn. Ó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ wọn ní ohun tí búrẹ́dì tí kò lámì jẹ́, òun nìkan ló sì gbàgbé. Ó gbé tábìlì wọ kíṣìnì, ó tẹ́ aṣọ sí i, ó to àwo mẹ́fà, ó gbé búrẹ́dì sí àárín, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ wọlé, ó ní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ti dákẹ́ láti àárọ̀, wọ́ọ̀dù méjì ń dúró de ọgọ́rin aṣọ ìbùsùn. Ó fojú wo gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Obìnrin kan tètè ní ara ọmọ òun ò yá, òun ò lè dúró. Ọ̀gá kò bá a jiyàn. Ó yíjú sí Má-jù-ú-nù, ó ní, "Ìwọ ṣáà wà níbẹ̀." Àwọn ọ̀gá mọ ẹni tí kì í sọ pé rárá bí eṣinṣin ṣe mọ egbò. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀: ọmọ mi ń rìnrìn àjò lọ́la. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni èyí náà. Ó gbé e mì, ó tún aṣọ iṣẹ́ wọ̀.

Fóònù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gba fóònù òṣìṣẹ́, wọ́n á kó o sínú àpótí, wọ́n á tì í. Ó lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣí i. Kò bẹ̀bẹ̀.

Ó ń ká aṣọ, ó ń wo aago ara ògiri. Ní aṣọ kẹtàdínlógójì, ọkọ rẹ̀ ti gbé bọ́ọ̀sì kalẹ̀ ní ibùdókọ̀, ó ń sọdá títì. Ní aṣọ kejìdínláàádọ́ta, Òpó ti jí, ó ń fọ ojú. Lọ́yà ti ń bá a jà nítorí ibùsùn. Onídìrí ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Aṣọ náà gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò, ó ń ká a sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, etí rẹ̀ ń bá etí mu. Kò ba ọ̀kan jẹ́. Nígbà tó parí ọgọ́rin, aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Ọ̀gá ti lọ jẹun.

Nígbà tí wọ́n dá fóònù rẹ̀ padà, ó rí i pé Akọ̀wé pè é lẹ́ẹ̀kan, láago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Ó pè é padà. Kò gbé e.

Aago méjì ti lù kó tó dé ilé. Kò sẹ́ni kankan níbẹ̀. Búrẹ́dì wà lórí tábìlì ní odindi, wọ́n ti fi aṣọ mímọ́ bò ó nítorí eṣinṣin. Àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kúrò. Ẹnì kan ti kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi bébà sáàárín wọn kí wọ́n má baà ha ara wọn. Wọ́n ti ká aṣọ orí tábìlì, wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn dípò rẹ̀ kí ó má baà ní àbàwọ́n. Ife márùn-ún tí wọ́n ti fọ̀ dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa omi. Lórí pátákó tí wọ́n fi ń jíṣẹ́ fún ara wọn, Lọ́yà ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ lọ́nà tí kò fi àyè sílẹ̀ fún iyàn:

"Màmá, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan búrẹ́dì oníbàárà. Mo jẹ́ ẹlẹ́rìí."

Ó jókòó. Ó gbé aṣọ kúrò lórí búrẹ́dì, ó wò ó. Ó ronú láti tẹ àmì sí i, ó na ọwọ́ sí agolo bọ́tìnì pàápàá, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tó ti jinná kì í gba àmì mọ́. Ó tún bò ó. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì lọ kó aṣọ wọlé lórí okùn, nítorí pé wọ́n ti gbẹ.

Aago márùn-ún ń lọ lù nígbà tí Akọ̀wé wọlé, ó ti lọ dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó ju bàtà sílẹ̀, ó fa àpò ìrìnàjò rẹ̀ wá sí kíṣìnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sí i. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé gba inú kọ́tìnì. Ó fi ẹnu tọ́ka sí tábìlì.

"Màmá, ẹni tó ni búrẹ́dì yìí ò tíì wá gbé e?"

Ìyá rẹ̀ ní kò tíì wá.

"Ẹ bá a wí o. Ó fojú wa rí màbo lónìí." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwa márààrún la bá ara wa nínú kíṣìnì yìí, ẹ gbọ́? Bàbá, Òpó, gbogbo wa pátá. Mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ti ṣe díẹ̀ o. A kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àmọ́ a rẹ́rìn-ín débi pé ará òkè ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀."

Ó ń ká aṣọ, ó ń ròyìn. Ó ní òórùn búrẹ́dì náà fẹ́ pa wọ́n. Ó ní Òpó fi ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹlẹ́wọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ búrẹ́dì, ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀, Lọ́yà sì ń kìlọ̀ fún un pé ọ̀ràn ni kí èèyàn fi imú jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó ní òórùn kì í ní àmì, kí olúkúlùkù gbọ́ ìwọ̀n tó bá fẹ́. Ó tún wo ihò kọ́kọ́rọ́ ara tábìlì, ó ní ọgbọ́n ìyá wọn pọ̀, ẹni tó bá ra tábìlì yìí lè jẹun tán kó sì ti oúnjẹ tó ṣẹ́kù pa. Onídìrí wọlé tòun ti ìyarun tó gbàgbé sínú irun orí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un títí tó fi jáde padà.

"Ebi wá ń pa wá. La bá bọ́ sídìí agolo yín." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Màmá, ẹ máà bínú. A ti jẹ ìdí búrẹ́dì yín tán. A rì í bọ tíì, gbogbo wa dúró, à ń jẹ ẹ́ kerekere. Bàbá ní eyín yín, irin ni."

Ìyá rẹ̀ ní òun kò bínú.

"A pè yín. Bàbá ló ní ká pè yín, ká bi yín bóyá oníbàárà lè gé díẹ̀ tà fún wa. Fóònù yín kàn ń dún ni."

"Mo rí i."

Ó lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ń yọ̀, àpò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra láàárọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ti Má-jù-ú-nù sì ti bá a dákẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún níwájú ọ̀gá, fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn tó ń jèrè ìdákẹ́ rẹ̀ ló ń pè é ní sùúrù. Ó tẹ́ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé orí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ na ojú rẹ̀ gbọọrọ.

"Kò sí oníbàárà," ó wí.

Akọ̀wé gbé ojú sókè.

"Ẹ̀yin ni mo yan án fún. Ẹ̀yin ni mo ṣe tábìlì fún. Mo fẹ́ kí gbogbo wa jókòó kí o tó lọ."

Akọ̀wé wo tábìlì. Ó wo ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ́ sí i, ó wo aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ fi bo búrẹ́dì. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, kò tíì mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo rò pé ẹ máa mọ̀."

"Kò lámì, Màmá." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

Ìyá rẹ̀ kò wá àwáwí. Akọ̀wé mú fóònù, ó ní òun máa pè wọ́n, kí gbogbo wọn padà wá báyìí. Ìyá rẹ̀ ní kó gbé e sílẹ̀. Ó ka ibi tí wọ́n wà fún un bí ẹni tó há a sórí, ó sì há a sórí lóòótọ́: Òpó wà lábẹ́ páálí títí di aago méje àárọ̀, ọkọ̀ tìrẹ á sì ti lọ, bàbá rẹ wà lójú ọ̀nà, Onídìrí di irun ẹnì kan dání, kò lè fi í sílẹ̀ ní àbọ̀. Lọ́yà nìkan ló máa tètè dé. Kò sí ogún ìṣẹ́jú mìíràn. Ó ti wá a.

Akọ̀wé jókòó sórí àpò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń sọ pé àwọn ì bá kàn fọwọ́ kàn án, pé Òpó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e, pé òun lòun gbá a lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé ìròyìn kúrò lórí tábìlì, ó gbá erùpẹ̀ orí rẹ̀ sí ọwọ́, ó fa àga méjì wá.

"Dìde lórí ẹrù, aṣọ rẹ á rún. Bọ́ síbí." Ó dúró títí ọmọ náà fi jókòó. "Nígbà tí ẹ wà níbí, ibo ni bàbá yín dúró sí?"

"Màmá."

"Mo ń bi ọ́ ni."

Akọ̀wé fa imú. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù."

"Ó ti bọ́ fìlà?"

"Ó bọ́ ọ. Orí ìkòkò ló gbé e lé."

"Òpó ńkọ́?"

"Níbi tí ẹ jókòó sí yẹn."

Má-jù-ú-nù wo ilẹ̀ tó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ó sún àga rẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ènìyàn gíga. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì.

"Mú un láti ìbẹ̀rẹ̀," ó wí. "Má yára. Ta ló kọ́kọ́ wọlé?"